Fóònù lórí sítíárìn: ṣé òfin ń dín ìjàǹbá kù, àbí owó lásán ló ń gbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọkọ̀ tí èrò ń fi áàpù pè ni mo ń wà n'Íbàdàn, fóònù sì ni irinṣẹ́ mi. Òun ló ń sọ ibi tí èrò wà fún mi, òun ló ń júwe ọ̀nà, òun náà ni èrò fi ń pè mí. Láìpẹ́ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó kan dá mi dúró, wọ́n ní mo ń tẹ fóònù, wọ́n sì kọ ìwé fún mi. Àbúrò mi tó wà ní London ní tiwọn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: iná pupa ló dá òun dúró, ọkọ̀ ò rìn, ó kàn wo fóònù ni, wọ́n gba £200 lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n tún fi àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fà sí láísẹ́ǹsì ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òfin yìí ń dín ìjàǹbá kù lóòótọ́, àbí ọ̀nà àtigbowó ni? Ṣé ó tọ́ kí wọ́n fi de ẹni tó mọ ọkọ̀ wà dáadáa? Kí ni kí irú èmi tí mò ń fi fóònù jẹun ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá ojú ọ̀nà. Èsì ṣókí rèé, àlàyé ń bọ̀ lẹ́yìn. Òfin náà tọ́, torí pé ẹ̀mí tí awakọ̀ tó ń tẹ fóònù fi ń ta tẹ́tẹ́ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́ dúró lórí bí wọ́n ṣe kọ ọ́, àti bóyá ó dá awakọ̀ lójú pé tí òun bá ṣe é, wọ́n máa mú òun. Ibi tí méjèèjì ti pé, fóònù dín kù lọ́wọ́ awakọ̀, àwọn irú ìjàǹbá kan sì dín kù. Ibi tí ọ̀kan ti yẹ̀, inú ìwé ni òfin náà wà. Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí òfin kò tíì rí ojútùú rẹ̀, òun ló sì kan iṣẹ́ yín jù: ọwọ́ ni òfin ń wò, ṣùgbọ́n inú ọpọlọ ni ewu náà pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò, torí òun kì í ṣe ojúsàájú. Ọkọ̀ tó bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Tó bá di 100, bí ọ̀pọ̀ ṣe ń sá a lójú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó ti di mítà 28. Kí èèyàn kàn yíjú wo orúkọ ẹni tó ń pè, kó sì yíjú padà, ó tó ìṣẹ́jú àáyá méjì: mítà 56 ti lọ. Kó ka àtẹ̀jíṣẹ́ ìlà méjì, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún: ó ti sún mọ́ mítà 140, ó sì gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọkọ̀ tó ń sáré nǹkan bíi 96 kìlómítà ní wákàtí máa jẹ mítà 73, láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti rí ewu dé ìgbà tí ọkọ̀ máa dúró pátápátá. Ìyẹn lórí títì gbígbẹ, tí bíréèkì dára, tí awakọ̀ sì ń wo iwájú. Táyà tó ti jẹ, tàbí títì tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kò ní dúró níbẹ̀. Ẹ wá ro ti ẹni tí kò tíì gbójú sókè rárá.

Àwọn olùwádìí Virginia Tech ní Amẹ́ríkà so kámẹ́rà mọ́ inú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n wo bí àwọn dẹ́rẹ́bà ṣe ń wà á lójú títì gidi. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2009 ni pé tí dẹ́rẹ́bà akẹ́rù bá ń tẹ àtẹ̀jíṣẹ́, ewu pé yóò ní ìjàǹbá, tàbí pé díẹ̀ ni yóò kù kó ní in, ń di ìlọ́po 23. Nínú ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà tó yí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ká, ìṣẹ́jú àáyá 4.6 ni ojú wọn kò fi sí lójú títì. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àríyànjiyàn lórí títẹ àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ kò wo ọ̀nà, ó parí.

Orí sísọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé tí wọ́n bá ti ki íápíìsì bọ etí, tàbí tí Bluetooth ọkọ̀ bá ti gbé ìpè náà, wàhálà ti tán, àtọwọ́ àtojú ti bọ́ nínú rẹ̀. Ní 1997, àwọn olùwádìí méjì, Redelmeier àti Tibshirani, wo àkọsílẹ̀ ìpè fóònù awakọ̀ 699 ní Toronto ní Kánádà, àwọn tó ní ìjàǹbá tí wọ́n sì ní fóònù nínú ọkọ̀. Ewu ìjàǹbá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin nígbà tí wọ́n bá ń lo fóònù, kò sì hàn pé fóònù tí a kò fọwọ́ mú sàn ju èyí tí a fọwọ́ mú lọ. Ní 2005, àwọn olùwádìí míì ṣe irú rẹ̀ ní Perth ní Ọsirélíà, pẹ̀lú awakọ̀ 456 tí ìjàǹbá gbé dé ilé ìwòsàn. Ìlọ́po mẹ́rin náà ni wọ́n rí, àtèyí tí a fọwọ́ mú àtèyí tí a kò fọwọ́ mú.

Kí ló fà á? Ojú lè wà lójú ọ̀nà kí ọkàn má sí níbẹ̀. Olùwádìí kan, Strayer, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Utah ní Amẹ́ríkà fi èèyàn sínú ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ọkọ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa wà á, kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ̀rọ tó ń tọpa ojú fi hàn pé awakọ̀ wo àwọn nǹkan ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tààrà. Nígbà tí wọ́n bi í lẹ́yìn náà, kò rántí púpọ̀ nínú wọn. Ọpọlọ kì í gbé gbogbo ohun tí ojú bá rí wọlé. Èyí tó bá ráyè fún ló ń gbé, ọ̀rọ̀ inú fóònù sì ti gba àyè. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó sáré já láàárín ọkọ̀ méjì ṣe ń bọ́ sí iwájú ẹni tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gbangba, tó sì máa búra lẹ́yìn náà pé òun ò rí i. Òótọ́ ló sọ, kò rí i.

Ẹ lè ní, èrò tó jókòó lẹ́yìn mi náà ń bá mi sọ̀rọ̀, kí ló dé tí ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀? Wọ́n dán ìyẹn náà wò ní Utah. Wọ́n ní kí awakọ̀ rìn lọ, kó yà kúrò níbi ìsinmi kan tí wọ́n júwe fún un. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ọ̀rẹ́ wọn jókòó tì ni kò ṣìnà. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló kọjá ibẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú yín ń wo títì bí ẹ ṣe ń wò ó. Tí ọlọ́kadà bá já wọlé, á dákẹ́, àbí kó tiẹ̀ pariwo pé "Ẹ rọra!" Ẹni tó wà lórí fóònù ò mọ̀ pé ẹ ti dé oríta, ńṣe ló ń bínú pé ẹ ò tètè dáhùn, á tún máa pè yín ní "hẹ́lò, hẹ́lò".

Mi ò ní fi ìkan pa mọ́. Gbogbo olùwádìí kò fẹnu kò lórí bí ewu sísọ̀rọ̀ lásán ṣe pọ̀ tó. Àwọn tó so kámẹ́rà mọ́ ọkọ̀ akẹ́rù ní Virginia kò rí i pé sísọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé ewu sókè bíi ti títẹ fóònù. Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé nína ọwọ́ sí fóònù, wíwá nọ́ńbà, kíka nǹkan àti títẹ nǹkan léwu gidigidi. Tí ẹ bá máa mú ẹyọ kan, ẹ mú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ iná pupa àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wá kù, torí ibẹ̀ ni awí-àwíjàre pọ̀ sí: "Ọkọ̀ ò kúkú rìn." Ìwádìí tí Yunifásítì Utah ṣe pẹ̀lú AAA Foundation, àjọ tó ń wádìí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, ní 2015 fi hàn pé lẹ́yìn tí awakọ̀ bá ti fi ohùn pàṣẹ fún fóònù tàbí ọkọ̀ rẹ̀ tán, ọkàn rẹ̀ lè má padà sójú ọ̀nà délẹ̀ títí di ìṣẹ́jú àáyá 27. Ọkọ̀ tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní 40 kìlómítà ní wákàtí á ti jẹ 300 mítà láàárín ìyẹn. Ẹni tó ka WhatsApp níbi iná pupa, tó ju fóònù sílẹ̀ nígbà tí iná di àwọ̀ ewé, ṣì ń dá ẹni tó kọ̀wé náà lóhùn nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tó ti kọjá oríta. Ní ìlú tiwa, àárín ọkọ̀ tó dúró ni àwọn tó ń ta omi àti gààrí ń gbà kọjá, ibẹ̀ ni ọlọ́kadà ń gbà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń gbà sọdá. Ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra gan-an ló yẹ kí ojú awakọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù.

Nítorí náà, tí ẹ bá bi mí pé ṣé ó tọ́ kí wọ́n fi òfin de ẹni tó mọ ọkọ̀ wà, mo ní ó tọ́. Mímọ ọkọ̀ wà kì í fún èèyàn ní ọpọlọ kejì. Kò sì sí awakọ̀ kan tó gbà pé òun ni ìjàǹbá máa bá. Ẹlòmíì ló máa ń rò ó sí. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí títì kò bá a dá owó sí tẹ́tẹ́ yẹn. A kò jiyàn mọ́ lórí ẹni tó mu ọtí yó tó ń wakọ̀. Ní 2006, Strayer fi àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù wéra pẹ̀lú àwọn tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ wọn dé ìwọ̀n tí òfin Amẹ́ríkà kọ̀, àwọn onífóònù ló sì pẹ́ jù kí wọ́n tó tẹ bíréèkì.

Àwọn kan ní, ṣebí òfin wíwa ìwàkuwà ti wà, kí la tún fẹ́ fi ti fóònù ṣe? Ìwàkuwà gbọ́dọ̀ hàn kí wọ́n tó lè mú un, ó sì sábà máa ń jẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ló máa ń hàn. Òfin fóònù jẹ́ kí wọ́n lè dá awakọ̀ dúró kó tó gbá èèyàn. Àlébù kan ni mo rí nínú rẹ̀, ó sì dùn mí: bó ṣe fàyè gba íápíìsì àti Bluetooth ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ńṣe ló dà bíi pé ìjọba fọwọ́ sí i pé ìyẹn kò léwu. Wọ́n kò fọwọ́ sí i. Wọn ò lè mọ̀ ni. Òṣìṣẹ́ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì rí fóònù lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ bóyá orin lẹ ń kọ àbí ìpè lẹ ń dáhùn.

Ó yá, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ìpínlẹ̀ New York ló kọ́kọ́ ṣe irú òfin yìí ní gbogbo Amẹ́ríkà, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2001. Àwọn míì tẹ̀lé e. Fífọwọ́ mú fóònù dín kù ní àwọn ibẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìwádìí àwọn adójútòfò ní Amẹ́ríkà wo iye ìgbà tí àwọn oníbàárà ń béèrè owó ìjàǹbá ní New York, Connecticut, California àti Washington D.C., kí òfin tó dé àti lẹ́yìn tó dé, wọn kò rí i kó lọ sílẹ̀ ju ti àwọn ìpínlẹ̀ tó múlé tì wọ́n. Èyí tó tún yani lẹ́nu jù ni ti 2010: ní ìpínlẹ̀ mẹ́rin tó fòfin de títẹ àtẹ̀jíṣẹ́, iye ìgbà tí wọ́n ń béèrè owó ìjàǹbá tiẹ̀ lọ sókè díẹ̀ ní mẹ́ta nínú wọn. Àlàyé tí wọ́n ṣe bọ́ sí mi lára. Ẹni tó ń gbé fóònù sókè lórí sítíárìn tẹ́lẹ̀, tó wá ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, gbé e sórí itan. Fóònù orí itan ń fa ojú kúrò lójú títì ju tòkè lọ.

Bẹ́ẹ̀, ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Abouk àti Adams, wádìí irú ìjàǹbá aṣekúpani tí ọkọ̀ kan ṣoṣo ń ní, tí awakọ̀ nìkan wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rí i ní 2013 pé ó lọ sílẹ̀ nígbà tí òfin dé, ó sì padà sókè láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ̀rù òfin ba awakọ̀ nígbà tí ìròyìn gba ìlú. Nígbà tí wọn ò rí ẹni tí wọ́n mú, wọ́n padà sídìí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní 2014, ìwádìí míì tó wo ọdún 2000 sí 2010 ní Amẹ́ríkà fi ìyàtọ̀ hàn láàárín irú òfin méjì. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ọlọ́pàá lè torí títẹ àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan dá ọkọ̀ dúró, ikú ojú títì fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ẹ̀ṣẹ̀ míì kí wọ́n tó lè fi ti fóònù kún un, kò sí ìyàtọ̀ kan gbòógì.

Bí wọ́n ṣe kọ òfin náà ṣe pàtàkì bákan náà. Ní California, awakọ̀ kan tó ń wo máàpù lórí fóònù lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ sì dá a láre ní 2014 pé òfin tó wà nígbà yẹn kò kan wíwo máàpù. Wọ́n tún un kọ, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 2003 sọ̀rọ̀ nípa fífi fóònù bánisọ̀rọ̀. Ní 2019, ilé ẹjọ́ gíga sọ pé ẹni tó ń fi fóònù ya fídíò ìjàǹbá níbi tó ti ń wakọ̀ kọjá kò rú òfin yẹn, torí kì í ṣe ìbánisọ̀rọ̀. Ọjọ́ 25 oṣù kẹta 2022 ni wọ́n dí ihò náà. Ohun tí ihò bẹ́ẹ̀ ń fà kò mọ sí ilé ẹjọ́. Ọlọ́pàá tí kò dá lójú pé ẹjọ́ òun máa dúró kò ní dá ọkọ̀ dúró mọ́. Ìpínlẹ̀ Washington (kì í ṣe Washington D.C.) àti Oregon ní Amẹ́ríkà kọ tiwọn ní 2017 láìfi àyè sílẹ̀: o kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ mú fóònù rárá, kódà bí ọkọ̀ bá dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ìjàǹbá tí ọkọ̀ ń kọlu ìdí èyí tó wà níwájú, tí èèyàn sì fara pa, fi nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù ní Washington, àti 9 ní Oregon. Ní California tí òfin tuntun tirẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, kò dín kù. Kíkọlu ìdí ọkọ̀ ni ìjàǹbá tó jọ ti fóònù jù, torí náà mo ka èyí sí ẹ̀rí tó lágbára.

Ní ti mímú òfin ṣẹ, ẹ wo Syracuse ní New York àti Hartford ní Connecticut. Láti 2010 sí 2011, ọlọ́pàá ibẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n tú jáde sójú títì, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sì ń kéde pé fóònù lọ́wọ́ kan, ìwé ìtanràn lọ́wọ́ kejì. Àwọn awakọ̀ tó ń gbé fóònù sétí ní Syracuse lọ sílẹ̀ láti ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún sí 2.5; ní Hartford láti 6.8 sí 2.9. Òfin kan náà ni, owó kan náà ni. Ohun tó yí padà ni pé àwọn èèyàn ń rí ọlọ́pàá.

New South Wales ní Ọsirélíà gba ọ̀nà míì. Wọ́n gbé kámẹ́rà sókè lórí títì, ó ń wo ìsàlẹ̀ gba gíláàsì iwájú, lọ́sàn-án àti lóru. Kọ̀ǹpútà ń ṣa àwòrán tó bá fura sí, èèyàn ẹlẹ́ran ara á wá yẹ̀ ẹ́ wò kí ìwé tó lọ bá ẹnikẹ́ni. Nígbà ìdánwò ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ 2019, ọkọ̀ mílíọ̀nù 8.5 ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì rí awakọ̀ tó lé ní 100,000 tó ń lo fóònù. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ lásán, kí owó ìtanràn tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2020. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó ń fò síwájú ọkọ̀, kò sí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, owó kò sì gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá.

Nàìjíríà ńkọ́? Òfin wà. Lábẹ́ ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti 2012, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, fi ₦4,000 àti àmì mẹ́rin sí lílo fóònù níbi tí èèyàn ti ń wakọ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ bí Èkó náà ní tiwọn. Àìsí òfin kọ́ ni ìṣòro wa. Ìṣòro wa ni pé awakọ̀ lè gbé fóònù sétí láti Òjóta dé Bẹ́rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bi í. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá mú un, ó máa gbà pé owó ni wọ́n ń wá. Mi ò dá ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ lẹ́bi pátápátá. Tí ìwé ìtanràn bá lè di ìdúnàádúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ̀kọ́ tí awakọ̀ máa kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń dúnàá dúrà. Òṣìṣẹ́ tó sá pamọ́ sí kọ́nà, tó wá já síwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀, tún ti dá ewu tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ bá bi mí, kí wọ́n má fi kọ́bọ̀ kan lé owó náà. Kí wọ́n dúró síbi tí gbogbo ayé ti ń rí wọn, lójoojúmọ́, níbi tí ọkọ̀ ti ń rọra rìn, kí owó máa gba báńkì lọ, kí àmì sì wọ inú àkọsílẹ̀ láísẹ́ǹsì ní tòótọ́. Kí òṣìṣẹ́ tó bá ń wakọ̀ ìjọba, tó gbé fóònù sétí, náà gba ìwé tirẹ̀. Ní tiyín, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni lówó lọ́wọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé náà, ẹ san án síbi tí ó ní kí ẹ san án sí, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Ní ti àbúrò yín, ẹ bi í bóyá fóònù náà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, òfin mú un, torí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ka dídúró níbi iná pupa sí wíwakọ̀. Owó náà jẹ́ £30 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ó di £60 àti àmì mẹ́ta ní 2007, £100 ní 2013, £200 àti àmì mẹ́fà láti oṣù kẹta 2017. Tí kò bá tíì pé ọdún méjì tó yege ìdánwò ọkọ̀, àmì mẹ́fà yẹn á gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, á sì tún ìdánwò ti ìwé àti ti ojú títì ṣe. Tó bá ní òun fẹ́ lọ sílé ẹjọ́, kó mọ̀ pé owó lè di £1,000 níbẹ̀, tàbí £2,500 fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì àti akẹ́rù. Bí fóònù bá wà nínú hódà, tó kàn wo máàpù, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fífọwọ́ mú fóònù. Àmọ́ wọ́n ṣì lè fẹ̀sùn kàn án pé kò kápá ọkọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ, bí ìwakọ̀ rẹ̀ bá fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ohun tí òfin yọ̀ǹda kò pọ̀: pípe 999 tàbí 112 fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì níbi tí dídúró bá léwu tàbí tí kò ṣeé ṣe, àti fífi fóònù sanwó níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀, tí ọkọ̀ bá dúró.

Iṣẹ́ yín ló kù. Ohun tó le jù níbẹ̀ ni ìgbà tí iṣẹ́ tuntun bá já wọlé. Áàpù á dún, á máa ka ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn, owó á hàn, àdúgbò á hàn. Ojú yín á lọ síbẹ̀ láti ka àdúgbò, ọwọ́ ọ̀tún á kúrò lórí jíà, ọkàn yín á máa ṣírò bóyá epo tó wà nínú ọkọ̀ á gbé yín dé ibẹ̀. Ohun mẹ́ta ti kúrò lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, áàpù sì ni ó ń kánjú yín. Tí áàpù yín bá ní ibi tí ẹ ti lè sọ pé kó má fún yín ní iṣẹ́ míì kí ẹ tó já èrò tó wà lọ́wọ́, ẹ lò ó. Tí kò bá ní, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tó bá wọlé nígbà tí ọkọ̀ ń rìn kọjá lọ. Ibi tí ẹ bá já èrò sí ni kí ẹ ti gba òmíràn, kí ẹ wo ọ̀nà, kí ẹ tó gbéra. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ dúró lójú ọ̀nà, ilé epo tàbí àyè tó bọ́ sílẹ̀ kúrò lójú títì ni kí ẹ wá. Ẹ má dúró sí etí márosẹ̀ tí akẹ́rù ń fẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ̀mí tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ fóònù lẹ tún fẹ́ fi lé akẹ́rù lọ́wọ́ yẹn.

Hódà fóònù: kí ó wà nítòsí sítíárìn, kó jẹ́ pé ojú nìkan lẹ máa yí láti wò ó, orí kò ní yí. Kó má bo gíláàsì iwájú, kó má sì wà níbi tí áábáàgì máa gbà jáde. Èyí tó ń fi róbà mu gíláàsì máa ń já lulẹ̀ nínú oòrùn wa, pàápàá tí eruku ọyẹ́ bá wà lára gíláàsì. Ẹ fi sípíríìtì nu ibẹ̀ kó gbẹ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Fóònù tó bá já sí ẹsẹ̀ níbi tí ẹ ti ń lọ, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti tẹ̀ síwájú láti mú un, sítíárìn sì tẹ̀lé wọn. Èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ihò afẹ́fẹ́ AC dára fún wa torí pé afẹ́fẹ́ náà ń fẹ́ fóònù. Fóònù tí oòrùn bá ń pa lórí gíláàsì á gbóná, iná ojú rẹ̀ á dín, á tiẹ̀ lè kú, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Wáyà àfigbaná mítà kan ti tó. Èyí tó bá gùn jù ń lọ́ mọ́ jíà.

Kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ ti gbé ibi tí ẹ ń lọ sínú máàpù, ẹ ti tan ohùn rẹ̀ sókè kó máa sọ fún yín, kí ẹ má máa kà á. Ẹ pe èrò náà níbẹ̀, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí ibi tó máa dúró sí, pẹ̀lú àmì tó hàn bí ilé epo tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìpè "ẹ ti dé ibo?" tó ń dà yín láàmú lójú ọ̀nà, inú ìpè àkọ́kọ́ yẹn ló ti yẹ kó parí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sínú ètò fóònù. Lórí iPhone, ẹ wá Focus, kí ẹ yan Driving. Lórí Android, ẹ wá Do Not Disturb, tàbí ètò ìwakọ̀ tó bá wà lórí tiyín. Ẹ jẹ́ kí áàpù iṣẹ́ nìkan máa dún, kí WhatsApp, Facebook àti ti báńkì dákẹ́. Ìpè tó bá wọlé nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, ẹ jẹ́ kó dún tán. Ìpè kan kì í ṣáà pa èèyàn tí ẹ kò bá gbé e.

Ẹ bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, torí púpọ̀ nínú ìpè tó ń wọlé sí awakọ̀, ọ̀dọ̀ ìyàwó, ọmọ àti ọ̀rẹ́ ló ti ń wá. Kí wọ́n jẹ́ kí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín jẹ́ "Ṣé ẹ ń wakọ̀?" Tí èsì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n má parí gbólóhùn. iPhone lè fi èsì ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ sí ẹni tó bá kọ̀wé sí yín nígbà tí ẹ ń wakọ̀, ẹ sì lè yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá. Gbólóhùn méjì ti tó: "Mò ń wakọ̀ lọ́wọ́. Tí mo bá dúró, màá pè yín."